Ọjọ́ ti kọjá lórí káàdì ẹ̀bùn mi: ta ló ni owó inú rẹ̀?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ dáwó jọ, wọ́n sì fi ra káàdì ẹ̀bùn ilé ìtajà ńlá kan fún mi. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi rà. Àtùpà ìkàwé tó dára ni, èyí tí kò ní máa ta mí lójú, mi ò sì fẹ́ kánjú yàn án. Mo fi káàdì náà sínú àpòòwé tí wọ́n fi kó o wá, mo fi àpòòwé náà sáàárín ìwé kan, ọkàn mi sì balẹ̀ pé owó mi wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà ni mo tó mú un lọ. Ọmọbìnrin tó ń gba owó fi ẹ̀rọ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ má bínú mà, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá." Mo yí káàdì náà padà. Lóòótọ́, ọjọ́ wà níbẹ̀, lábẹ́ àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà, ní lẹ́tà tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, àwọ̀ eérú lórí funfun. Oṣù méjì péré ni mo fi pẹ́. Mo bi í pé owó tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́, ó sì yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi kí n lè rí i fúnra mi: òdo ni.

Mi ò bá ọmọ náà jà, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Ohun tí kò yé mi ni ibi tí owó náà gbà lọ. Oògùn ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán, bátìrì náà ní, ṣùgbọ́n owó tí àwọn èèyàn kà sílẹ̀ lójú mi kò gbóná, kò tutù, kò sì bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé ọ̀nà kan wà tí mo fi lè rí i gbà padà? Kí sì ni kí àwọn tó ní irú rẹ̀ nílé máa ṣọ́?

Òǹkà-owó:

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ ìṣirò ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè ti ibi tí owó náà gbà lọ, àwọn mìíràn yóò mú ìyókù.

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín sanwó káàdì náà, ilé ìtajà yẹn kò tíì ta nǹkan kan. Owó ti wọlé, ọjà kò tíì jáde, nítorí náà abala gbèsè ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé wọn. Ẹ̀yin ni ẹ yá wọn lówó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún yín bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá gbé àtùpà yín, gbèsè náà parẹ́, wọ́n á sì kọ ọ́ sí abala owó ọjà tí wọ́n tà. Bí ẹ kò bá wá rárá ńkọ́? Ìlànà ìṣirò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IFRS 15, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2018, ní ìdáhùn sí i. Iléeṣẹ́ tí ó ti ta káàdì pẹ́ tó láti mọ ìṣe àwọn oníbàárà rẹ̀ lè fojú díwọ̀n ìdá tí wọn kò ní wá ná, kí ó sì máa kọ ìdá náà sí abala owó tí ó pa ní díẹ̀díẹ̀, bí àwọn yòókù ṣe ń ná tiwọn. Èyí tí kò bá lè díwọ̀n rẹ̀ ní láti dúró títí yóò fi hàn gbangba pé kò jọ pé ẹnikẹ́ni tún máa wá. Ẹ kíyè sí ohun tí mo sọ yìí dáadáa: wọ́n ti lè ka ìgbàgbé wa sí owó tó wọlé kí a tó gbàgbé.

N kò pe ẹnikẹ́ni ní olè o. Ní ti ìṣirò, ìlànà náà tọ̀nà, nítorí ìwé tó bá ń ka gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò ní wá béèrè mọ́, irọ́ ni ó ń pa fún ẹni tó ń kà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé bí gbèdéke bá ṣe kúrú tó ni ìdá tí a kò ní ná ṣe ń pọ̀ sí i, ẹni tó ń yan gbèdéke náà ló sì ń jẹ èrè rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rìnlá tí káàdì yín fi sùn sínú ìwé, owó yín kò sùn. Wọ́n ń fi ṣòwò, wọn kò sì san èlé kankan fún yín. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n tún mú olú owó náà.

Ọmọ Ọlọ́jà:

Ẹ má bínú sí mi, èmi yóò gbè sẹ́yìn àwọn onílé ìtajà díẹ̀, nítorí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ta ìwé ẹ̀bùn nínú rẹ̀. Ìwé tèmi kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ìwé onílà ni, mo ń fi ọwọ́ kọ ọ́, mo ń fa apá kan ya fún oníbàárà, apá kejì sì ń kù sọ́wọ́ mi. Ẹnì kan gbé ọ̀kan wá lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Omi ti bà á jẹ́, nọ́ńbà orí rẹ̀ kò hàn mọ́, apá kejì tó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ mi sì ti bá àwọn ìwé àtijọ́ lọ nígbà tí a kó ṣọ́ọ̀bù. Mo fún un ní ọjà, ṣùgbọ́n títí di òní n kò mọ̀ bóyá mo san gbèsè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ń tajà fẹ́ mọ ọjọ́ tí ó lè ti ìwé kan pa. Bí a bá ní kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ títí ayé, ilé ìtajà kékeré ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, kì í ṣe àwọn ńlá.

Síbẹ̀, nítorí pé òótọ́ ni mo fẹ́ sọ níbí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọdún kan ni mo fi ṣe gbèdéke lórí tèmi. Bí ẹ bá bi mí ìdí tí ó fi jẹ́ ọdún kan, ohun tí mo máa sọ ni pé ìwé kan máa ń tó ọdún kan kí ó tó tán, mo sì fẹ́ kí ìwé àti gbèdéke jọ máa parí pọ̀. Kò sí ohun tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀. N kò jókòó ronú lórí ẹni tí yóò pàdánù owó rẹ̀, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ gbèdéke tí a ń rí lẹ́yìn káàdì, báyìí náà ni wọ́n ṣe bí i.

Ìyá Ìbejì:

Ọmọ Ọlọ́jà, ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́. N kò ní kí ilẹ̀kùn ṣí títí ayé. Ṣùgbọ́n ìwé tiyín ni omi lè bà jẹ́. Káàdì tèmi ní nọ́ńbà tí ẹ̀rọ wọn mọ̀. Ẹ̀rọ kan náà tó mọ̀ pé ọjọ́ rẹ̀ kọjá ló mọ iye tó wà nínú rẹ̀ dé orí ẹyọ tó kẹ́yìn. Ẹ kò lè sọ fún mi pé ó ṣòro láti rántí gbèsè náà nígbà tí ẹ̀rọ rántí ọjọ́ tí ó yẹ kí ó gbàgbé rẹ̀.

Amòfin:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, ìdáhùn Ìyá Ìbejì yìí ló sì mú kí n kọ̀wé. Iṣẹ́ òfin ni mo ń ṣe, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ka èyí sí ìmọ̀ràn lórí ẹjọ́ tirẹ̀, nítorí pé òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ta káàdì náà ni ó máa ń sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn aṣòfin ń yí ká kiri ayé: ṣé owó ni káàdì ẹ̀bùn, àbí ọjà? Bí ó bá jẹ́ ọjà, ẹni tó tà á lè gbé ọjọ́ tó wù ú lé e. Bí ó bá jẹ́ owó tí a fi pamọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ yí padà. Ibi tí òfin ti dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí ní tààràtà, ẹ̀yìn èrò kejì ni ó máa ń gbè sí. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2009 fi káàdì ẹ̀bùn kún ohun tí ó dáàbò bò, apá yẹn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2010. Ó ní owó inú káàdì kò gbọdọ̀ kú kí ọdún 5 tó pé láti ọjọ́ tí wọ́n tà á, tàbí láti ọjọ́ tí wọ́n fi owó kún un kẹ́yìn. Wọn kò sì gbọdọ̀ máa gé owó nínú rẹ̀ nítorí pé ẹ kò lò ó, àfi bí odindi oṣù 12 bá kọjá láìlò, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ hàn yín tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà nínú òfin yẹn tí mo fẹ́ràn púpọ̀, nítorí ó la ọ̀rọ̀ náà sí méjì bí ẹni la obì (ẹ dárí jì mí, àfiwé náà kàn bọ́ sí mi lẹ́nu ni): ọjọ́ ike, ìyẹn káàdì fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí ọjọ́ owó inú rẹ̀. Ike lè gbó, ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ lè pa rẹ́, nítorí náà wọ́n lè fi ọjọ́ tó kúrú sí ara ike. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ike bá pé nígbà tí ọjọ́ owó kò tíì pé, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ike mìíràn láìgba owó. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n rí lẹ́yìn káàdì lè jẹ́ ti ike nìkan, wọ́n á sì sọ ọ́ nù. Àlàfo kan wà níbẹ̀ o: ìwé ẹ̀bùn tó jẹ́ pépà nìkan kò sí lábẹ́ ààbò òfin yẹn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀. California kò gbà kí ilé ìtajà fi gbèdéke sí káàdì ẹ̀bùn tirẹ̀, bí ìyókù inú rẹ̀ bá sì ti kéré, oníbàárà lè gbà á ní owó. Ontario, ní Kánádà, ti ka gbèdéke léèwọ̀ láti ọdún 2007.

Ọdún 5 ni Írẹ́lándì náà yàn, láti ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2019. Òfin tiwọn tún dènà ẹ̀tàn kan tí mo kà sí ti àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé kí ẹ ná gbogbo owó inú rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 3 ni ti Ọsirélíà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ náà síbi tí ojú yóò ti rí i lára káàdì. Lẹ́tà orí abẹ́rẹ́ tí Ìyá Ìbejì sọ kò lè kọjá níbẹ̀. Ní Jámánì, kò sí òfin káàdì ẹ̀bùn lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òfin gbogbogbò lórí ìgbà tí gbèsè ń kú ló ń ṣiṣẹ́: ọdún 3 ni, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òpin ọdún tí ẹ rà á, tó fi jẹ́ pé káàdì tí ẹ rà nínú oṣù Kẹta ọdún 2022 ṣì wà láàyè títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2025. Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Munich dájọ́ pé gbèdéke ọdún kan lórí káàdì ẹ̀bùn iléeṣẹ́ Amazon kò bá òfin mu. Ìlú Ọba ni kò tíì fi iye ọdún kankan lélẹ̀. Ohun tí oníbàárà lè dì mú níbẹ̀ ni òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015, èyí tó ní àdéhùn tí kò bá ṣe déédéé kò de oníbàárà. Ìyẹn dára lẹ́nu, àmọ́ ẹ ní láti jà kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Fún ẹni tí òfin ibi tí ó wà kò dárúkọ káàdì ẹ̀bùn rárá, ẹ máa wá àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà lọ́dọ̀ yín. Òfin lórí àdéhùn tí kò ṣe déédéé pọ̀ ju òfin lórí káàdì lọ, ìyẹn náà sì lè gbà yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kan:

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi gba ìwé kékeré kan nígbà tí mo ra bàtà, wọ́n kọ ọ́ sí i pé kí n padà wá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n á dín owó fún mi. N kò rí àyè lọ. Ṣé èmi náà lè jà fún tèmi?

Amòfin:

Rárá, àbúrò mi. Ìwọ kò san nǹkan kan fún ìyẹn. Wọ́n kàn fi pè ọ́ padà wá sí ọjà ni, ẹni tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ sì lè sọ ìgbà tí yóò ṣíwọ́. Àwọn òfin tí mo kà sílẹ̀ lókè yọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí Ìyá Ìbejì ní yàtọ̀, nítorí pé ẹnì kan ti san owó rẹ̀ pérépéré. Ibi tí ó ti máa ń rúni lójú ni kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀: o ra káàdì ní iye kan, wọ́n sì fi ẹ̀bùn díẹ̀ lé e. Gbèdéke kúkúrú lè wà lórí èyí tí wọ́n fi lé e. Èyí tí o san owó rẹ̀ ni kí o má jẹ́ kí wọ́n fi gbèdéke kan náà mú.

Alákọsílẹ̀:

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí tèmi gbà, nítorí tèmi ti pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ rẹ̀ kí n tó rí i nínú àpò ẹ̀wù kan tí n kì í sábà wọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo lọ síbẹ̀, mo béèrè, wọ́n ní rárá. Mo padà sílé, n kò sì bínú púpọ̀, torí mo mọ̀ pé ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ kò ní àṣẹ láti ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, òun kò lè gbà á lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹni tó ní àṣẹ máa ń jókòó síbi tí ìwé ń lọ. Mo wá kọ ímeèlì sí olú iléeṣẹ́ wọn. Mo ya àwòrán káàdì náà ní ojú àti ẹ̀yìn, mo bẹ ẹni tó rà á fún mi, ó sì wá rìsíìtì rẹ̀ rí nínú ímeèlì tirẹ̀. Ohun tí mo kọ kò gùn:

"Ẹ jọ̀wọ́, mo ní káàdì ẹ̀bùn yín tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ yìí. Wọ́n san owó rẹ̀ ní kíkún ní ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì, a kò sì tíì gba ọjà kankan fún owó náà. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ti kọjá, ṣùgbọ́n owó náà ṣì wà lọ́wọ́ yín. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ sún ọjọ́ náà síwájú, tàbí kí ẹ fún mi ní káàdì mìíràn tí iye rẹ̀ bá a dọ́gba. Bí ẹ kò bá ní lè ṣe é, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sì sọ gbólóhùn inú àdéhùn yín tí ẹ gbé e lé."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ṣiṣẹ́, mo rò bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn fún èèyàn láti sọ pé rárá lẹ́nu. Láti fi ọwọ́ kọ ọ́ pé "owó yín wà lọ́wọ́ wa, a kò sì ní fún yín ní nǹkan kan", kí wọ́n sì fi orúkọ sí i, ìyẹn ṣòro. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní nọ́ńbà tuntun. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú àánú ni wọ́n fi wò ó, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo sì lọ ná an ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.

Ohun mìíràn tí mo kọ́ ni pé ẹni tó rà á lè lágbára ju ẹni tí wọ́n fún lọ, nítorí òun ni ó bá wọn dá àdéhùn. Bí wọ́n bá kọ̀ fún yín, kí ẹni tó rà á kọ̀wé pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀, nítorí ta ni yóò fẹ́ sọ fún ẹni tó ta á lọ́rẹ pé òun kò lo ẹ̀bùn rẹ̀? Ẹ sọ ọ́ fún un síbẹ̀síbẹ̀.

Òǹkà-owó:

Alákọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, àgàgà ti pé ẹ ná an ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ewu kan wà tí gbogbo òfin tí Amòfin kà kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni kí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ wọ gbèsè. Lọ́jọ́ náà, ọdún 5 tàbí ọdún 50 tó wà lórí káàdì kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ ó dúró sí ẹ̀yìn pátápátá lára àwọn tí wọ́n jẹ lówó, báǹkì á wà níwájú yín. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2013, nígbà tí iléeṣẹ́ HMV tó ń ta orin àti fíìmù ní Ìlú Ọba bọ́ sọ́wọ́ àwọn alábòójútó gbèsè, wọ́n kéde pé àwọn kò gba káàdì ẹ̀bùn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àsìkò ẹ̀bùn òpin ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ariwo pọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún gbà á padà. Kì í ṣe ibi gbogbo ni ó ti ń parí síbi tó dára bẹ́ẹ̀.

Jàpáánì ní ọgbọ́n kan fún èyí. Iléeṣẹ́ tí owó káàdì tí àwọn èèyàn kò tíì ná bá ju mílíọ̀nù 10 yẹ́ẹ̀nì lọ ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdajì owó náà pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró. Ó wú mi lórí púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ní káàdì tí gbèdéke rẹ̀ kò bá ju oṣù 6 lọ kò sí lábẹ́ òfin náà. Ẹ ò rí i bí ó ṣe yí padà? Òfin tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo owó oníbàárà wá di ohun tó lè mú kí iléeṣẹ́ yan gbèdéke kúkúrú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí a má kàn wo iye ọdún nìkan.

Ọmọ Ọlọ́jà:

Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, kí àwọn tó fẹ́ rà á fún ẹlòmíràn lè gbọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí káàdì náà padà, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà á léèrè lójú yín níbẹ̀: ọjọ́ wo ni, ṣé láti òní ni wọ́n ń kà á tàbí láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, ṣé wọ́n máa ń gé owó nínú rẹ̀? Ẹ fi rìsíìtì sínú àpòòwé náà pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan kà á sí àìmọ̀wàáhù kí ẹni tí a ta lọ́rẹ rí iye tí a ná, ṣùgbọ́n iye náà wà lórí káàdì tẹ́lẹ̀, kí ni a wá ń fi pamọ́?

Ẹ sì kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sí iwájú àpòòwé. Ó kéré tán, èyí kò ná yín ní nǹkan kan.

Bàbá Àgbà:

Èmi ò rí ìdí tí ẹ fi ń pọ́n ara yín lójú. Ẹ fún èèyàn ní owó. Owó kì í ní ọjọ́ lẹ́yìn.

Alákọsílẹ̀:

Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Òótọ́ lẹ sọ, bí ó bá jẹ́ pé ti owó nìkan ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún Ìyá Ìbejì ní owó lọ́wọ́, ó dá mi lójú pé yóò ti bá ìnáwó ilé lọ kí oṣù tó parí, kò sì ní sí ọ̀rọ̀ àtùpà mọ́. Káàdì náà ló jẹ́ kí ó lè fi sí apá kan fún ara rẹ̀. Ohun tó dára nínú rẹ̀ nìyẹn, òun kan náà ló sì ń jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Alákọsílẹ̀, ẹ mọ̀ mí ju bí mo ṣe rò lọ. Mo lo lẹ́tà yín, mo kàn yí ọ̀rọ̀ díẹ̀ padà nínú rẹ̀ ni. Ọ̀kan lára àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ló tọ́jú rìsíìtì, òun náà sì kọ̀wé lọ́tọ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi dà bí èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún gbogbo ayé: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n kẹ́dùn, wọ́n ní kí n ka àdéhùn wọn. Mo kà á. Ojú ìwé mọ́kànlá ni, ọ̀rọ̀ gbèdéke sì wà ní ojú ìwé kẹjọ. Mo kọ̀wé padà pé mo ti kà á, mo sì bi wọ́n pé níbo ni ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ ti fẹ́ rí ojú ìwé kẹjọ náà, nígbà tí ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ kò ju káàdì àti àpòòwé lọ. Mo tún béèrè orúkọ àjọ tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bí èmi àti wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan.

Ọjọ́ kejì ni obìnrin kan pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní wọn yóò dá owó náà padà sórí káàdì tuntun, mo sì lọ gbà á lánàá. Mo ra àtùpà mi. Ọrùn rẹ̀ ṣeé tẹ̀ síbi tó bá wù mí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì ta mí lójú, òun ni mo tàn tí mo fi ń kọ èyí.

Owó díẹ̀ ṣẹ́ kù sórí káàdì náà. Kí n tó kúrò níwájú ọmọbìnrin tó ń gba owó, mo yí i padà. Oṣù méjìlá ni wọ́n tún fi sí i, ní lẹ́tà orí abẹ́rẹ́ kan náà, àwọ̀ eérú lórí funfun. Mo ní kí ó bá mi kà á sókè ketekete, torí ojú mi, ó sì kà á. Mo kọ ọ́ sí iwájú àpòòwé níbẹ̀, mo ya àwòrán ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo béèrè ibi tí wọ́n ń kó gílóòbù sí.